Ṣé hàmóníkà kíì C lè gbé orin fúnkì tí a ń lù ní kíì G?

Ọmọ Ẹbúté (Ìkòròdú):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olórin tó wà níbí. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìkòròdú ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fọn hàmóníkà, sol-fa tí ọ̀gá akọrin kọ́ wa ni mo sì fi mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, oníhò mẹ́wàá, kíì C, ìyẹn ni pé C ni do rẹ̀. Ní báyìí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, onígìtá, oníbáàsì àti onílù, máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ní Sábó láti kọ́ orin fúnkì, èyí tí a sì fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ni «Low Rider» tí ẹgbẹ́ War ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1975. Nínú orin náà, hàmóníkà àti saksofóònù ló jọ ń gbé ohùn orin. Nígbà tí a kò ní saksofóònù, èmi nìkan ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Kíì G ni a ń lù ú. Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kẹta, G ni ó ń dún, nítorí náà ibẹ̀ ni mo fi ṣe do, mo sì ń wá àwọn ohùn yòókù káàkiri. Àwọn kan ń bọ́ sí i, àwọn kan kò bọ́ sí i rárá. Oníbáàsì wa sọ pé ńṣe ni ó ń dún bí orin ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, onílù wa sì ń ráhùn pé mo máa ń fa orin náà sẹ́yìn. Ṣé kí n lọ ra hàmóníkà kíì G ni, àbí ọ̀nà kan wà tí èyí tí mo ní lè gbà ṣe é?

Akọrin Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tèmi, ẹ ra ti kíì G, kí ẹ má baà máa da ara yín láàmú. Gbogbo sol-fa tí ẹ ti mọ̀ ni yóò wà ní ihò tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, do yóò sì bọ́ sí G fúnra rẹ̀.

Onífèrè Àgbádárìgì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Hàmóníkà kíì C tí ó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni ó yẹ orin fúnkì tí ẹ ń lù ní kíì G. Ohun tí ó ń dí yín lọ́wọ́ ni pé ìgbà tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn jáde ni ẹ ń wá do, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí ẹ bá ń fà á wọlé ni ó yẹ kí ẹ wá a.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ohùn sínú rẹ̀. Ihò yòówù tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí lára hàmóníkà C, kò sí ohun tí yóò dún ju C, E tàbí G lọ, ìyẹn do, mi àti so, láti ihò kìíní títí dé ìkẹwàá. Ìdí nìyẹn tí orin ìsìn fi máa ń rọrùn lórí rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń tutù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa atẹ́gùn láti ihò kejì, G ni yóò dún; ìkẹta yóò dún B, ìkẹrin D, ìkarùn-ún F. Ẹ fi ẹnu bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ sì fà wọ́n pọ̀, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni kọ́ọ̀dù tí onígìtá yín ń pè ní G7. Bí ẹ bá fi ihò kẹfà kún un, A yóò wọlé, kọ́ọ̀dù náà yóò sì di G9, irú kọ́ọ̀dù tí ó kún inú orin James Brown, àgbà olórin fúnkì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gìtá máa ń gé wẹ́wẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Èémí kan ṣoṣo ni ẹ fà, odindi kọ́ọ̀dù fúnkì sì jáde láìjẹ́ pé ẹ gbé ahọ́n. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu pé ohun tí ó wọ inú àpò ṣòkòtò lè ṣe èyí.

F tí mo dárúkọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nínú kíì G ti orin ìsìn, F ṣáápù, ìyẹn F tí a gbé sókè ní ìdajì ohùn, ni a ń kọ. Nínú fúnkì, F lásán ni, ìyẹn «ti» inú sol-fa tí ó wálẹ̀ ní ìdajì ohùn. Bí ẹ bá ra hàmóníkà kíì G gẹ́gẹ́ bí Akọrin Ẹ̀pẹ́ ṣe dámọ̀ràn, F ṣáápù ni ẹ ó bá lára rẹ̀, oníbáàsì yín yóò sì tún sọ pé ọjọ́ Ìsinmi ti dé.

Nítorí náà, ẹ tún sol-fa yín tò báyìí. Fífà ihò kejì ni do. Fífà ìkẹta ni mi. Fífẹ́ ìkẹrin ni fa, fífà rẹ̀ ni so. Fífẹ́ ìkarùn-ún ni la, fífà rẹ̀ ni «ti» tí ó wálẹ̀ yẹn, fífẹ́ ìkẹfà sì ni do òkè. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé re kò sí láàárín do àti mi. A ní láti tẹ ohùn ihò kẹta wá sílẹ̀ kí a tó rí i, ṣùgbọ́n èyí lè dúró ná, nítorí ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ ni orin fúnkì sábà máa ń lò.

Bí a ṣe ń mọ hàmóníkà tí ó yẹ orin kan kò ṣòro fún ẹni tí ó mọ sol-fa: ẹ wá ohùn «fa» ti sol-fa inú kíì orin náà, òun ni kíì hàmóníkà tí ẹ ó mú. Fa inú G ni C. Bí orin bá wà ní A, ẹ mú D. Bí ó bá wà ní E, ẹ mú A. Àwọn fúnkì kan wà tí wọ́n jẹ́ máínọ̀, tí ìbànújẹ́ díẹ̀ wà nínú ohùn wọn. Fún irú wọn, hàmóníkà tí kíì rẹ̀ fi odindi ohùn kan rẹlẹ̀ sí ti orin ni mo fẹ́ràn, bí àpẹẹrẹ C fún orin D máínọ̀, níbi tí fífà ihò kẹrin ti jẹ́ ilé, ìyẹn ohùn tí orin máa ń padà sí.

Onílù Ìgbógbó:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ nípa ihò, ṣùgbọ́n ohun tí onílù yín ń ráhùn lé lórí kò sí nínú ihò. Ẹni tí ó bá mọ gbogbo ohùn tí kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ fúnkì.

Orin ìsìn máa ń na ohùn títí tí ìlà yóò fi parí, nítorí ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé. Fúnkì máa ń gé ohùn. Ẹ ka ìlù mẹ́rin, kí ẹ sì pín ìlù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, àyè mẹ́rìndínlógún ni ẹ ní. Iṣẹ́ yín ni láti yan ìwọ̀nba àyè tí ẹ ó wọ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún báàsì àti gìtá. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ tàsé ni ìkínní. James Brown kì í fi ìlù kìíní ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá bá a níbẹ̀ lè lọ síbi tí ó wù ú kí ó tó padà. Nínú orin tí ẹ dárúkọ yìí, agogo ni yóò kọ́kọ́ mú yín wọlé, ẹ sì jẹ́ kí etí yín dúró sára agogo náà. Bí ẹ bá ń tẹ̀lé ohùn tí ẹ̀yin fúnra yín ń fọn, ẹ ó máa pẹ́, nítorí ẹ ó máa dúró kí ohùn náà tán kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ní àwọn apá tí kì í ṣe hàmóníkà ló ń gbé ohùn orin, ẹ má ṣe dákẹ́ pátápátá, ẹ má sì ṣe máa sọ̀rọ̀ lé akọrin lórí. Ẹ ṣe bí gúdúgúdú ti ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìlù: ẹ fa kọ́ọ̀dù G7 yẹn ní kúkúrú, níbi kan náà, nígbà gbogbo. Ẹ lo ahọ́n, kí ẹ máa sọ «tì-kì-tì-kì» sínú rẹ̀ bí ẹ ti ń fa atẹ́gùn, kí kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó mú. Ẹ wá áàpù tí ń ka ìlù sórí fóònù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má sì fi kún un títí tí ara yín yóò fi dúró jẹ́ẹ́ sí i. Orin náà fúnra rẹ̀, YouTube lè rọ eré rẹ̀ sí ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láìyí kíì rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ilé bí àwọn kan ṣe rò. Ìpínlẹ̀ California ni ẹgbẹ́ War ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ibẹ̀ náà sì ni Fela wà lọ́dún kan náà, tí ó ń fetí sí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń lù. Bí ẹ bá ti gbọ́ bí Tony Allen, onílù Fela, ṣe ń fi àyè sílẹ̀ nínú ìlù rẹ̀, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Ọmọ Ẹbúté:

Ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti gbìyànjú kọ́ọ̀dù náà, oníbáàsì wa sì gbé ojú sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun méjì ló kù. Bí mo bá dá ihò kejì nìkan fà, ohùn rẹ̀ kì í mọ́, ó máa ń rẹlẹ̀ ju G lọ díẹ̀, mo sì ń rò pé ó ti bàjẹ́. Èkejì ni pé bí mo bá fà á títí, àyà mi máa ń kún débi pé n kò ní lè tẹ̀ síwájú.

Onífèrè Àgbádárìgì:

Kò bàjẹ́. Agbára tí ẹ fi ń fà á ló pọ̀ jù, ẹ sì ń tẹ ohùn náà láìmọ̀. Ẹ fà á bí ìgbà tí ẹ bá ń mí nínú oorun, kí ẹ ṣí ọ̀nà ọ̀fun yín, yóò padà sí G.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí yín níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni ẹ ó máa fi ṣe ọgbọ́n tí ẹ bá yá. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà, ọ̀kan ń dún bí a bá fẹ́, èkejì bí a bá fà. Láti ihò kìíní dé ìkẹfà, èyí tí a ń fà ló ga jù, a sì lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí tí yóò fi sún mọ́ èyí tí a ń fẹ́. Nínú ihò kẹta, B ni a ń fà, G ni a ń fẹ́, nítorí náà ohùn mẹ́ta ló fara pamọ́ sáàárín wọn, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni B fláàtì tí ó máa ń jẹ́ kí fúnkì dún bí ẹni tí ń ṣàròyé. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí ẹnu wà bí ẹni tí ń pe «í», kí ó wá yí padà díẹ̀díẹ̀ sí «ọ̀» bí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí ahọ́n máa fà sẹ́yìn. Agbára kọ́ ni. Ẹ má ṣe fipá mú ihò karùn-ún, nítorí E àti F inú rẹ̀ ti sún mọ́ra jù, kò sí ohùn kankan láàárín wọn, irin rẹ̀ ni ẹ ó kàn fi ṣòfò.

Ní ti èémí, ẹ rántí pé fífẹ́ ihò kẹta àti fífà ihò kejì, G kan náà ni. Bí àyà bá ti ń kún, ẹ sọ G sórí ihò kẹta kí atẹ́gùn lè jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tí ó bá kù, ẹ jẹ́ kí ó gba imú jáde nínú àwọn àyè tí Onílù Ìgbógbó ní kí ẹ dákẹ́ sí.

Akọrin Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, kíì G wà lọ́wọ́ èmi. Ṣé orin fúnkì tí ó wà ní D ni kí n máa wá fún un?

Onífèrè Àgbádárìgì:

Bẹ́ẹ̀ ni, D gan-an ni. Fa inú D ni G.

Onílù Ìgbógbó:

Kí n fi ohun kan kún un fún Ọmọ Ẹbúté, nítorí mo mọ bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń rí níbi tí a bá ti ń ṣeré. Bí ìlù bá bò yín mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe fọn ún kíkan sí i. Irin inú rẹ̀ yóò pàdánù ohùn rẹ̀, kò sì ní pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ di maikirofóònù àti hàmóníkà mú pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí atẹ́gùn má ráyè sá, ẹ ó rí i pé ohùn náà yóò nípọn, yóò sì sún mọ́ ti saksofóònù tí ẹ kò ní. Ṣùgbọ́n kí ẹ rí i dájú pé iwájú yín ni sípíkà tí ń gbé ohùn jáde wà, tí ó kọ ẹ̀yìn sí yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, híhan tí yóò máa han yóò lé gbogbo èèyàn jáde.