Láti Jẹ́dà sí Mẹ̀dínà, ṣé bàálù ni ká wọ̀ àbí réluwè?

Olùbéèrè: Àsàláámù àlékùm ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti màmá mi ń lọ ṣe Úmúrà, bàálù wa láti Èkó máa já wa sí Jẹ́dà ní ìdájí, Mẹ̀dínà la sì fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ajẹ́ńtì ní ká tún wọ bàálù mìíràn torí wákàtí kan péré ni, ṣùgbọ́n màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa dúró lórí ìlà káàkiri. Báwo ló ṣe jìnnà tó gan-an?

Bàbá Súkúrà: Wàálékùm sàlámù. Lójú òfuurufú, bíi kìlómítà 325 ni, ti títì lé ní 400. Ajẹ́ńtì yín ò purọ́, bàálù ò pẹ́ lókè, àmọ́ ẹ ṣírò ìyókù mọ́ ọn o, ẹ máa tò síbi tí wọ́n ti ń tẹ pásípọ́ọ̀tù, ẹ gba ẹrù, ẹ tún lọ fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n á yẹ ara yín wò, ẹ tún jókòó dúró. Ilẹ̀ á ti mọ́ kedere kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìyá Ìbejì: Réluwè ni o! Haramain, réluwè ayárabíàṣá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, inú ẹ́pọ́ọ̀tì Jẹ́dà níbẹ̀ ló ti ń gbérò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Terminal 1, ó ń sá tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan, kò tó wákàtí méjì tẹ́ ẹ fi máa dé Mẹ̀dínà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fi ìyá ọkọ mi sí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń wo aṣálẹ̀, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ. Ẹ sáà bèèrè Terminal tí bàálù yín máa balẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwè tí àyè wà láàárín, torí bàálù lè pẹ́ dé.

Mufu: Owó bọ́ọ̀sì ló rọjú jù o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n Mufu, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lórí ìjókòó, pẹ̀lú orúnkún? Ẹ ṣàánú ìyá.

Alfa Sùlè: Èyí ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ Mẹ̀dínà lẹ ń kọ́kọ́ lọ, kò sí pé ẹ ń wọ ìhírámù, ìyẹn ìmúra mímọ́ fún Úmúrà, nínú bàálù láti Èkó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ti Mẹ̀dínà lọ Mẹ́kà ni, Dhul-Hulaifa tí wọ́n ń pè ní Abyar Ali ni míkáàtì yín, ìyẹn ibi tẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá láìwọ ìhírámù. Réluwè kì í dúró níbẹ̀, ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ múra ní hòtẹ́ẹ̀lì, bó bá ṣe gbéra báyìí kẹ́ ẹ dá aniyàn Úmúrà.

Olùbéèrè: Jàsákùmúláhù kàírà. Réluwè la máa wọ̀. Àga onítáyà ńkọ́?

Bàbá Súkúrà: Ẹ ti sọ fún iléeṣẹ́ bàálù láti Èkó, ẹ má dúró dọjọ́ ìrìn. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Mẹ̀dínà, ẹ wá takisí, ibùdókọ̀ réluwè jìnnà sí Mọ́sáláṣí Ànábì, kì í ṣe ibi tí màmá lè fẹsẹ̀ rìn.