Kí ló dé tí ògiri ń rọra sọ̀kalẹ̀ lójú mi?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Mo tẹjú mọ́ orúkọ àwọn òṣèré tó ń gòkè níparí fíìmù. Bí mo ṣe gbójú sí ògiri báyìí, ògiri ń sọ̀kalẹ̀! Síbẹ̀, àwòrán tó wà lára rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ṣé kì í ṣe pé ojú mi ti ń bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń gòkè, àwọn mìíràn ń ṣọ́ èyí tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti lo àwọn ti òkè dé ibi tó ti rẹ̀ wọ́n, ni àwọn ti ìsàlẹ̀ bá borí. Robert Addams kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1834: ó wo omi tó ń já bọ́ ní Foyers, ní Scotland, àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá ń gòkè lójú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ti àwòrán tí ò kúrò yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀tọ̀ ni bí ọpọlọ ṣe ń mọ ìrìn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń mọ ibi tí nǹkan wà. Ní 1983, Josef Zihl, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn obìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa: ó ń rí àwọ̀, ó ń dá nǹkan mọ̀, àmọ́ tó bá ń da tíì, ńṣe ló dà bíi pé tíì náà dì gbagidi.

Olùbéèrè: Háà! Mo tún fi ojú ọ̀tún nìkan wo àwọn orúkọ tó ń gòkè yẹn, mo wá fi tòsì nìkan wo ògiri. Ó ṣì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ò rí i? Inú ọpọlọ, níbi tí ojú méjèèjì ti pàdé, ló ti ń ṣẹlẹ̀.