Tọ́bò àti ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò: octane wo ló yẹ wọ́n l'Ékòó?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì: Corolla 2010, ẹ́ńjìnì 1.8 tí kò ní tọ́bò, àti Mercedes C300 2016 tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì. Ìwé Corolla ní ká lo epo octane 87. Nínú ìdérí ẹnu táǹkì Benz, premium 91 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn pọ́ǹpù àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà kankan lára. Bí Benz bá ń gun bíríìjì Third Mainland pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin, tí AC sì wà lórí, ẹ́ńjìnì á máa dún tíkí-tíkí-tíkí, bí ìgbà tí èèyàn mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí accelerator, ó dákẹ́ nìyẹn. Ṣé 91 ara Benz àti 91 tí wọ́n máa ń sọ pé epo wa jẹ́, ọ̀kan náà ni? Ṣé octane booster, oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú epo, dáa? Ṣé kí Corolla náà máa mu ún?

Ẹlẹ́ńjìnì Ìsọlọ̀:
Ọ̀gá Sùúrùlérè, 91 méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ìwọ̀n octane méjì, RON àti MON, ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń rò pọ̀ tí wọ́n á pín sí méjì, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù àti sínú ìdérí táǹkì. Àwa níbí, RON nìkan la ń kà. Ẹ kọ èyí sílẹ̀: 87 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 91 RON, 91 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 95 RON, 93 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 98 RON. Bẹntiróò Èkó, nǹkan bíi 91 RON ni. Ó bá Corolla yín mu rẹ́gí. Benz yín fẹ́ 95, nítorí náà epo wa fi nǹkan bíi mẹ́rin dín sí ohun tó ń béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí "Premium Motor Spirit" tó wà lórí rìsíìtì tàn yín. Gbogbo bẹntiróò ilẹ̀ wa ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Octane kì í ṣe agbára. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n ni bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá gbiná fúnra rẹ̀, gbogbo inú sílíńdà á mì tìtì, ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Compression, ìyẹn ìlọ́po tí písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà: ti Corolla yín jẹ́ 10.0:1, ti C300 jẹ́ 9.8:1. Ti Benz ló kéré, òun ló sì ń béèrè epo tó ga, torí tọ́bò ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó wọ sílíńdà rárá, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá sì fún pọ̀ á gbóná. Síbẹ̀, ẹ má fi tọ́bò nìkan ṣèdájọ́. CR-V 1.5 turbo ti Amẹ́ríkà, 87 ni Honda ní ká lò. C300 2009 tí kò ní tọ́bò, premium ló ń béèrè. Camry 2018 2.5 ní compression 13:1, 87 ló sì ń mu. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnì náà ló ń pinnu, ìwé ọkọ̀ àti ìdérí táǹkì ló sì mọ̀ ọ́n.

Scanner Yàbá:
Ọ̀gá Ìsọlọ̀ ti sọ ti nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ariwo, torí kò yẹ kí etí máa gbọ́ ọ lemọ́lemọ́, kódà lórí 91 RON. Knock sensor wà lára ẹ́ńjìnì yẹn. Bó bá ti gbọ́ tíkí-tíkí, kọ̀ǹpútà á fa timing, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń tanná, sẹ́yìn. Ọkọ̀ á wúwo díẹ̀, á mu epo sí i, èéfín rẹ̀ á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì á wà láàyè. Bí ariwo kò bá lọ, nǹkan mìíràn ń dá kún un.

Ẹ fi scanner OBD2 (ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀) tó ń fi live data hàn sí i, kí ẹlòmíràn máa wò ó bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Bí kóòdù P0325 bá jáde, knock sensor tàbí wáyà rẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí coolant, omi inú rédíétọ̀, ṣe gbóná tó: bó bá ń kọjá 110°C, ẹ yẹ thermostat, fáànù àti omi rédíétọ̀ wò. Omi kànga kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, coolant àti omi mímọ́, ìdajì-ìdajì, ni. Ẹ wo long-term fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò: bó bá ga ju +10% lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, ó lè jẹ́ vacuum leak (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé), ìdọ̀tí ara MAF (sensọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), tàbí pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Bí sensọ̀ intake air temp, tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, bá wà lẹ́yìn intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù), tó sì ń kọjá 60°C bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, ẹ fọ eruku iwájú intercooler, kí ẹ sì wo àwọn hóòsì rẹ̀.

Plọ́ọ̀gì ni ẹ má fi ṣeré. Ayédèrú pọ̀ l'ọ́jà. Plọ́ọ̀gì tí kì í tètè tutù á gbóná títí yóò fi máa tanná sí epo fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ rà, kí ẹ fi feeler gauge wọn gap rẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ti Corolla yín jẹ́ 1.1 mm. Ẹ má gbé 1.1 lọ sí ẹ́ńjìnì tọ́bò, tiwọn máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Booster ńkọ́? Ẹnì kan tún ní kí n lọ ra toluene, kẹ́míkà olómi kan, l'Ọ́jọ́tà kí n lú u mọ́ epo.

Tọ́bò Ajah:
Ẹ ka ara ìgò booster dáadáa. "Ó ń fi point 3 kún un" sábà máa ń túmọ̀ sí 0.3, ìyẹn ni pé 91 á di 91.3. Mẹ́rin gbáko lẹ ń wá. Èyí tó bá ní MMT, kẹ́míkà kan tó ń gbé octane ga, nínú á fi nǹkan pupa bí ìpẹtà sára plọ́ọ̀gì, bó bá sì pọ̀, plọ́ọ̀gì á máa ṣe misfire, ìyẹn ni pé kò ní máa tanná dáadáa. Toluene ní octane tó ga lóòótọ́: lítà 5 nínú táǹkì lítà 50 lè fi nǹkan bíi 2 sí 3 kún un. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ léwu fún ọpọlọ, ó ń yára gbiná, ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n ti lú mọ́ ọn. Corolla ò nílò kankan nínú wọn, owó yẹn á kàn ṣòfò ni.

Bí ẹ ṣe ń wa Benz ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ gun bíríìjì pẹ̀lú ẹrù, ẹ pa Eco, ẹ fi í sí Sport, kí ẹ́ńjìnì wà ní nǹkan bíi 2,500 sí 3,000 rpm. Ibi tó ti ń lọ ní 1,500 rpm tí ẹ tẹ accelerator mọ́lẹ̀ pátápátá ni ìwà ìkà wà: tọ́bò á máa ti afẹ́fẹ́ wọlé, písítìnì á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ ni low-speed pre-ignition (kí epo gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó) ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì lè fọ́ písítìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Octane nìkan kì í dá a dúró, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì wà lára ohun tó ń fà á. Fún C300 yín, ọ́ìlì tí wọ́n kọ MB 229.5, nọ́ńbà ìlànà Mercedes, sí ni kí ẹ lò. Fún tọ́bò mìíràn tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ẹ wá API SP.

Bí ẹni tó ta Benz fún yín bá sọ pé wọ́n ti ṣe "Stage 1" sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ti yí software ẹ́ńjìnì padà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá software ilé iṣẹ́ padà kí ẹ tó tún wà á. Ọ̀pọ̀ irú software bẹ́ẹ̀, orí 93 Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́, 98 RON nìyẹn, epo wa sì fi méje dín sí i. Ibi tí ring jókòó sí lára písítìnì ló máa ń kọ́kọ́ já.