Omi tí wọ́n ń fọ́n sórí pápá ẹṣin, àti owó tí àwa ta lé e

Àyìnlá_Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo máa ń fi owó díẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, pápá kan tí kò jìnnà sí wa kéde pé ilẹ̀ àwọn jẹ́ "good to firm", ìyẹn ni pé ó dára, ó sì le díẹ̀. Mo rí ẹṣin kan tí ó jẹ́ pé orí ilẹ̀ líle nìkan ni ó ti ń borí, mo sì ta pọ́n-ùn 20 lé e. Ní òru Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fọ́n omi sórí pápá náà, nígbà tí ó sì di òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, òjò tún rọ̀ lé e. Ẹṣin mi sáré bí ẹni tí bàtà rẹ̀ kún fún omi. Ipò kẹsàn-án ni ó gbà nínú mọ́kànlá. Ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ní láti yí ilẹ̀ padà lẹ́yìn tí a ti sanwó? Ṣé kò yẹ kí wọ́n fi pápá sílẹ̀ bí Ọlọ́run bá ṣe ṣe é?

Bàbá Kẹ́hìndé:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ̀tọ́ wọn ni, iṣẹ́ wọn sì ni pẹ̀lú. British Horseracing Authority, àjọ tí ń ṣàkóso eré ẹṣin níbí, fẹ́ kí alábòójútó pápá gbìyànjú láti pèsè ilẹ̀ "good to firm" fún eré tí ẹṣin kì í ti í fo nǹkan, àti ilẹ̀ "good" fún eré tí wọ́n ti ń fo. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń rò, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ṣe ń le sí i ni ewu ń pọ̀ sí i, pàápàá fún àwọn tí ń fo. Bí wọ́n bá fi pápá sílẹ̀ fún oòrùn oṣù Keje, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹṣin ni kò ní mú ẹṣin wọn wá, bí ó bá sì ku ẹṣin mẹ́ta péré nínú eré, tẹ́tẹ́ wo ni èèyàn fẹ́ ta níbẹ̀?

Ibi tí ẹjọ́ rẹ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti àkókò. Wákàtí 48 ṣáájú eré tí ẹṣin kì í ti í fo nǹkan ni olùkọ́ ẹṣin ti ń fi orúkọ ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀. Bí alábòójútó bá wá fọ́n omi lẹ́yìn èyí, tí òjò tí wọn kò retí sì dé, omi tí ó ti wọlẹ̀ kò ṣeé fà jáde mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá. Ní tèmi, bí omi ṣe ń pín sórí ilẹ̀ ni ó ń kọ mí lóminú ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ. Mìlímítà 1 omi lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ líta 10,000, nítorí náà bí pápá kan bá gba hẹ́kítà 8, tí wọ́n sì fọ́n mìlímítà 5, líta 400,000 ni wọ́n dà sílẹ̀. Ní ọdún kan, mo dúró létí ọgbà ní àárọ̀, mo ń wo ẹ̀rọ tí ń fọ́nmi bí ó ṣe ń wọ́ ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ń gbá omi náà sọ́nà ọ̀dọ̀ wa, bàtà mi tutù, ṣùgbọ́n koríko tí ó wà ní òdìkejì ṣì gbẹ. Ní eré àkọ́kọ́, ẹṣin tí ó gba etí òdìkejì ni ó borí. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn agẹṣin náà sì mọ̀ ọ́n: ní eré kejì, gbogbo wọn rọ́ lọ sí òdìkejì. Wọ́n ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní GoingStick, tí wọ́n ń tì bọ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ láti wọn bí ilẹ̀ ṣe le tó, ṣùgbọ́n bí a bá pa gbogbo ìwọ̀n pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò ní fi hàn pé apá kan tutù ju ìkejì lọ.

Akọ̀wé_Tẹ́tẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó kún un. Bí wọ́n bá yọ ẹṣin yín kúrò nítorí pé ilẹ̀ yí padà, ẹ ó gba owó yín padà, bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí orúkọ ẹṣin ti pé ni ẹ ta tẹ́tẹ́. Àwọn tí wọ́n borí nínú eré náà lè pàdánù láti pẹ́ńsì 5 títí dé 90 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan èrè wọn, nípa òfin tí a ń pè ní Rule 4. Ẹni tí ó ta á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni ó sábà máa ń jìyà. Ní 2015, wọ́n yọ ẹṣin Golden Horn, tí ó ti borí nínú eré ńlá tí a ń pè ní Derby, kúrò nínú eré King George ní pápá Ascot ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an, nítorí pé òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ̀yin ní tiyín, Àyìnlá, ẹṣin yín sáré, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè gbà padà.

Àyìnlá_Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ ka ìkéde wọn ti Ọjọ́ Ẹtì: mìlímítà 4 ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èmi ni n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ apá ibi tí wọ́n fọ́n ọn sí. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni èèyàn ti lè rí i kà?

Ìyá Ìbejì:
Àwọn pápá mìíràn máa ń kọ ọ́ sí ojú ewé tiwọn, wọn a sì ya ìwọ̀n ọ̀tún sọ́tọ̀ sí ti òsì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo eré méjì àkọ́kọ́ kí ẹ tó mú owó jáde.