Okun ni kí a pè é, kí a fi agbára sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ní agbára ti tó fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní energy, pé kí a kàn máa fi ọ̀rọ̀ míì tẹ̀ lé e: agbára ooru, agbára ìmọ́lẹ̀, agbára ìró. Bí mo ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Àkúrẹ́ fún ọdún mélòó kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti já mi kulẹ̀.

Àtẹ̀gùn ilé ìwé wa ga tó mítà 3. Mo pe ọmọbìnrin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó kílò 50. Èkínní rọra rìn gòkè, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 10. Èkejì fi eré gùn ún, ó dé òkè ní ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi kíláàsì pé iṣẹ́ gbígbé ara ẹni dókè yìí, ta ló lo agbára jù níbẹ̀? Gbogbo wọn ní èyí tó sáré ni. Mo ní rárá, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọmọ kan ní, "Tíṣà, ẹ ò rí bó ṣe ń mí ni?"

Ọmọ yẹn kò jẹ̀bi. Nínú Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bi í ní ìbéèrè méjì. Gbígbé kílò 50 sókè mítà 3 ń gba nǹkan bíi júùlù 1,500 (júùlù ni a fi ń wọn energy), ìbáà jẹ́ ìrìn, ìbáà jẹ́ eré. Ṣùgbọ́n èyí tó rìn ná 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tó sáré ná 300. Iye tí à ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí à ń fi wáàtì wọ̀n, tí Òyìnbó ń pè ní power, òun ni kí a fi agbára sílẹ̀ fún. Odindi 1,500 yẹn ni kí a pè ní okun. Ní ti títì àti fífà, ipá ti gbà á tipẹ́.

Okun kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo hun. Okun inú la fi ń gbé tìta. Okun máa ń tán, a sì máa ń fi kún un, bíi yúníìtì tí à ń rà sí mítà iná. Yúníìtì 1 á tan gílóòbù oníwáàtì 10 fún wákàtí 100; bọ́ílà oníwáàtì 1,000 á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 1. Okun ni a rà. Agbára ni nọ́ńbà ara gílóòbù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú mọ́ àwọn míì lójú rí. Nígbà tí Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, kọ̀wé ní 1847 pé ohun yìí kì í run, Kraft ló pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ipá. Lónìí, Energie ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi Kraft sílẹ̀ fún ipá.

Ẹnì kan nínú wa dábàá "okun afarasin" fún èyí tó wà nípamọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo obìnrin tó ń gúnyán. Nígbà tó gbé ọmọ odó sókè, apá rẹ̀ ló fi okun sí i. Okun náà kò fara sin fúnra rẹ̀, ẹnì kan ló fi í pamọ́. Okun àfipamọ́ ni. Bí ọmọ odó ti ń já bọ̀, ó di okun ìrìn. Bó bá kan iyán, ó di ìró tí wọ́n ń gbọ́ nílé kejì, ó di ooru díẹ̀, iṣu sì ń fọ́. Kò sí èyí tó run níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rù pé ọmọ á ka okun sí òkun tàbí okùn. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún wọn ní máàkì àmì ohùn lọ́tọ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni ti inú átọ́ọ̀mù, ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ gbogbo nǹkan. "Okun inú kóró" ni mo ń lò ná, torí àárín átọ́ọ̀mù ló ti ń wá, bíi kóró inú èso. Ẹ bá mi wò ó.