Èsì sí àbá: káàdì àwòrán Amiga kì í ṣe “ẹ̀rọ ọ̀fẹ́”

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí a máa pe àwọn káàdì àwòrán (pátákó tó ń mú àwòrán jáde sí ojú ìwòran) tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ Amiga ń fúnra wọn ṣe ní “ẹ̀rọ àwòrán ọ̀fẹ́ àfọwọ́ṣe”. Orúkọ náà rọrùn ún pè, ṣùgbọ́n nínú “ọ̀fẹ́” àti “àfọwọ́ṣe” ni ó ti ń ṣi òǹkàwé lọ́nà, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀fẹ́ ni ohun tí a kò sanwó fún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú káàdì yìí yóò ra pátákó rẹ̀, yóò ra ṣíìpù, yóò sì ra òjé tí yóò fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn. Ohun tó wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni ni ìlànà rẹ̀: àwòrán bí ipa iná ṣe gba orí pátákó kọjá, àti kóòdù tó ń darí ṣíìpù inú rẹ̀. Ìtumọ̀ tí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fẹnu kò lé lórí gba gbogbo ènìyàn láyè láti yẹ ìlànà náà wò, láti yí i padà, láti pín in kiri, láti fi ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tà á. Bí títà bá wà nínú ohun tí a yọ̀ǹda, ọ̀fẹ́ ti bọ́ sọnù. Ilé iṣẹ́ MNT ní Berlin ta káàdì VA2000 fún àwọn Amiga tó ní ojúhò Zorro tí káàdì ń wọ̀, síbẹ̀ ìlànà káàdì náà wà níta gbangba.

“Orísun ṣíṣí” tí ẹlòmíràn dábàá fún “open source” kò wọ̀ mí létí. Ibi tí omi ti ń sun jáde ni orísun lọ́dọ̀ wa, orísun wo ni ó sì wà tí kò ṣí? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni.

Inú ọ̀rọ̀ tí a ti ní ni mo ti fẹ́ mú tèmi. Ara “rọ”, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni “ẹ̀rọ” ti jáde. Ohun tí mo kọ́kọ́ ronú kàn ni “àwòrọ”, ohun tí a ń wò rọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà láìfi àmì sí i bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, mo sì rí i pé àwòrò òrìṣà ni mo pè wá sídìí iṣẹ́. Nítorí náà mo yí i sí “àwòkọ́rọ”, ẹ̀dà “àwòkọ́ṣe” tí gbogbo wa mọ̀: ohun tí a wò, tí a kọ́, tí a sì rọ. “Kọ́” àárín yẹn kò gbọdọ̀ yọ, nítorí ẹni tó kàn da ìlànà kọ láìyẹ̀ ẹ́ wò kò tíì lo ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún un tán.

Ní ti “àfọwọ́ṣe”, ọwọ́ kọ́ ni kókó. Ẹ̀rọ ni ó ń tẹ pátákó náà, ilé iṣẹ́ ńlá ni ó sì ṣe ṣíìpù. Ọtí tí a pọn nílé ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, “homebrew”, ti wá, orúkọ yẹn náà sì ni ẹgbẹ́ Homebrew Computer Club ní Kalifóníà jẹ́ ní 1975. “Àdáṣe” kò lè dúró fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń jọ tún ìlànà kan ṣoṣo ṣe. Mo fara mọ́ “àrọnílé”. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ó pọ̀ mọ́ àwòkọ́rọ: àrọnílé kan lè fi ìlànà rẹ̀ pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni VA2000 jẹ́ àwòkọ́rọ tí wọ́n rọ fún títà.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni “àwòrán”. Nínú Amiga tí wọ́n gbé jáde ní 1985, ṣíìpù Agnus ni ó ń ya àwòrán sínú ìrántí, ṣíìpù Denise ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ fún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ayàwòrán àti afàwòránhàn ni àwọn méjèèjì. Pátákó RGBtoHDMI tí wọ́n ń kì bọ ojúhò Denise, tí Denise fúnra rẹ̀ sì ń jókòó lé lórí, kò ya ohunkóhun: ó ń gba àmì àwọ̀ ní bíìtì méjìlá (bíìtì ni òdo tàbí ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kà) kí ó tó jáde lọ, ìyẹn àwọ̀ 4096, kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi Zero yóò sì gbé e sí ojú ìwòran òde òní. Ògbufọ̀ lásán ni. VA2000 ní tirẹ̀ ní ìrántí àwòrán tí kì í ṣe ti Agnus. Minimig, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2007, kì í tilẹ̀ ṣe káàdì: odidi Amiga ni, tí wọ́n tún to àwọn ṣíìpù àkànṣe rẹ̀ sínú FPGA, ìyẹn ṣíìpù tí a lè tún inú rẹ̀ tò bí a bá ṣe fẹ́. Ta ni yóò fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ fún. Bí Amiga bá fẹ́ lo àwọ̀ 32, ìpele márùn-ún ni ó ń tò léra bí ewé bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, bíìtì kan láti orí ìpele kọ̀ọ̀kan ni yóò sì parapọ̀ sọ àwọ̀ písẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán. Nínú káàdì, báìtì ti písẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dúró pọ̀ ní ojú kan. “Alápele” ni mo pe ti àkọ́kọ́, “ẹlẹ́yọ” ni mo pe ìkejì.

“Àtijọ́” tó fún ọjọ́ orí Amiga. “Ayébáyé” ti jìnnà jù fún ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kógbá sílé ní 1994, “ògbólógbòó” sì ń rán ni létí olè.

Èyí tí kò tíì yanjú lọ́wọ́ mi ni orúkọ pátákó tó ń tún ìlà kọ̀ọ̀kan fi hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí àwòrán 15 kHz ti Amiga (bí ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lè di 31 kHz tí ojú ìwòran VGA ń fẹ́. Mo kọ “asọ̀làdiméjì” sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gùn jù fún pátákó tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ẹ bá mi gé e kúrú.