Filadẹ́fíà: Orúkọ Ni, Kì í Ṣe Ìtumọ̀

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a yé kọ Filadẹ́fíà sínú ìwé Yorùbá, kí a máa pe ìlú Amẹ́ríkà náà ní Ìfẹ́ Arákùnrin, nítorí pé ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì nìyẹn, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì ń fi ìtumọ̀ náà kì í. Mo bọ̀wọ̀ fún alàgbà tí wọ́n dá àbá yìí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtumọ̀ náà wò. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n pè ní arákùnrin, adelphos, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ́ ilé-ọmọ ni ó ti wá: ẹni tí a jọ ti inú kan náà wá ni. Ní èdè tiwa, iyèkan ni, kì í ṣe ọbàkan. Ìtàn orúkọ náà sì bá èyí mu, nítorí pé Attalus Kejì, ọba Págámù ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n fún ní ìnagijẹ Philadelphus nítorí ìṣòótọ́ rẹ̀ sí Eumenes ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn kan ní Róòmù ti rọ̀ ọ́ pé kí ó gba ìjọba mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Apollonis ni ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì. Ìnagijẹ yìí ni ìlú kan ní Éṣíà Kékeré ń jẹ́, èyí tí ó ń jẹ́ Alaşehir ní Tọ́kì lónìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú ìjọ méje inú ìwé Ìfihàn wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Amman, olú-ìlú Jọ́dánì, ti jẹ́ Philadelphia rí nítorí Ptolemy Kejì ti Íjíbítì, ẹni tí ìnagijẹ tirẹ̀ so mọ́ Arsinoe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó fi ṣe aya. (Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ìtàn ti wí nìyẹn.) Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ọkùnrin nìkan. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò tẹ̀ lé e: ní Róòmù 12:10 àti Hébérù 13:1, níbi tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí gan-an ti jẹ yọ, ìfẹ́ ará ni wọ́n kọ. William Penn tí ó sọ ìlú náà lórúkọ ní 1682 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Kúékà, ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ọ̀rẹ́, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ará ti inú Bíbélì sún mọ́ èrò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ iyèkan lọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ túmọ̀ oríkì ìlú náà, Ìlú Ìfẹ́ Ará ni kí a kọ.

Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe orúkọ, ìlò orúkọ náà nínú Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó fi èyí hàn jù. Lọ́yà Filadẹ́fíà ni wọ́n ń pe agbẹjọ́rò tí ó mọ kọ́lọ́fín òfin, ó lè jẹ́ ìyìn, ó sì lè jẹ́ èébú; àwọn ènìyàn a máa so ó mọ́ Andrew Hamilton, ẹni tí ó ti Filadẹ́fíà lọ sí New York ní 1735 láti gbèjà òǹtẹ̀wé John Peter Zenger, tí ó sì jàre. Wàràkàṣì rírọ̀ tí ó ń jẹ́ Philadelphia láti 1880, ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Òkìkí tí ìlú náà ní fún oúnjẹ oníwàrà ni wọ́n yá lò. Krómósómù Filadẹ́fíà (krómósómù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì ara tí ó ń gbé àbùdá), tí Peter Nowell àti David Hungerford rí ní ìlú náà ní 1960 lára àwọn tí ó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, gba orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ṣé lọ́yà ìfẹ́ arákùnrin ni a ó wá kọ? Ṣé krómósómù ìfẹ́ arákùnrin ni kí dókítà pe ohun tí ń fa jẹjẹrẹ?

Àwọn ará ìlú náà pàápàá ti ṣe irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Láti 1975 ni Lois Fernandez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ọdún Odunde sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé èso àti òdòdó lọ sí odò Schuylkill fún Ọ̀ṣun. Wọ́n a máa ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún àlejò, ṣùgbọ́n Odunde náà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni ó kù. Filadelfia ni Bíbélì àtijọ́ kọ, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù lẹ́nu wa, l àti f kò sì lè tẹ̀ léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Àwọn kan ń kọ Filadẹ́lífíà. Kò burú, ṣùgbọ́n ó gùn lẹ́nu. Filadẹ́fíà ni mo fara mọ́, kí a sì fi ti Bíbélì sílẹ̀ bí ó ti wà fún ìjọ Éṣíà, kí òǹkàwé lè mọ ìlú tí à ń sọ.